Dùùrù Ẹnu, Ahọ́n àti Ọ̀fun

 

Ohun èlò kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó wọ inú àpò bùbá, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n yóò rò pé ohun ìṣeré ọmọ jòjòló ni. Dùùrù ẹnu ni mo ń wí, èyí tí àwọn ọmọ Ìpọ̀nrí ń pè ní máòtọ́gàn. Ẹni tí ó bá ti gbé Èkó nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáànì, tí ó bá sì ní oríire pé àwọn ajísààrì gba ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí aago 3 òru, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbọ́ ọ rí. Akọrin yóò dákẹ́ kí ó lè mí, ìlù yóò rọlẹ̀ díẹ̀, ni dùùrù ẹnu yóò bá wọlé pẹ̀lú ohùn kan tí ń gbọ̀n rìrì bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Ohùn gbígbọ̀n yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ tí ń fọn ọ́n kò mi ọwọ́, kò mi orí. Inú ẹnu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, lórí ahọ́n àti nínú ọ̀fun.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni pé ìyá kan ládùúgbò wa níhìn-ín ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ti ya wèrè. Nígbà míràn yóò máa ṣe "rrrr" bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Nígbà míràn yóò máa ha ọ̀fun bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́rùn. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní òun ń kọ́ dùùrù ẹnu de ààwẹ̀ ni. Ní báyìí ohùn rẹ̀ ti há, bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù 2 péré ló kù tí yóò fi jókòó níwájú èèyàn ka Kùránì níbi wòlímọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ra ẹ̀wù, wọ́n ti sọ fún àwọn ẹbí ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá náà ní òun ti gbé dùùrù náà tì mọ́ inú àpótí aṣọ láti ọ̀sẹ̀ 2, pé kí n sọ fún òun bóyá kí òun kúkú fi olórí odó fọ́ ọ.

Ẹ má fọ́ ọ, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe ná. Mo mọ̀ pé àwọn alfa kan wà tí wọn kò fẹ́ rí ohun èlò orin sójú rárá, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbà á nítorí sààrì. N kò ní fi ojú ewé yìí ja ìjà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀fun ọmọ ni wọ́n bi mí, wọn kò bi mí ní fátíwà.

Dùùrù ẹnu kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa. Ní ìlú Trossingen ní Jámánì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é tà ní ọdún 1857, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bá ọkọ̀ ojú omi dé gbogbo ayé. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1950 sí 1960, tí ẹgbẹ́ wéré pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Mushin àti ní Ìbàdàn, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ajísààrì. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, ti kọ́ iṣẹ́ ní kékeré. Ó ṣe sójà nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, lẹ́yìn náà ni ó sọ wéré di ohun tí ó pè ní fújì. Ó ní ara àwòrán òkè kan ní ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ni òun ti mú orúkọ náà. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Dáúdà Èpò Àkàrà ní Ìbàdàn náà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó sọ ti ẹ̀ ní àwúrebe. Nígbà tí àwọn orin wọ̀nyí di ti òde ìnáwó, ìlù gba iwájú pátápátá, gìtá àti dùùrù oníná sì tẹ̀ lé e. Dùùrù ẹnu ni ó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tí ń jí wa fún sààrì. Èmi náà bá wọn lọ nígbà tí mo wà ní ọmọdé, láti Ìpọ̀nrí títí dé etí Ìjọ́ra, nítorí náà ohun tí mo bá sọ kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ.

Bí ẹ bá tú èyí tí ó ní ihò 10, ẹ ó bá ahọ́n idẹ wẹ́wẹ́ 20 nínú rẹ̀, méjì-méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń dún nígbà tí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, èkejì ń dún nígbà tí a bá fa èémí sínú. Ahọ́n idẹ yìí yára ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ohùn "là" tí gbogbo ayé fi ń tún ohun èlò ṣe ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n tí ọmọ náà ń wá kò tó ìyẹn rárá. Bí ìgbà 5 tàbí 6 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Kì í ṣe ahọ́n idẹ ni ó ń mì. Èémí tí ń lọ bá a ni ó ń gé, tí ó sì ń so padà, kí ohùn náà lè máa ru, kí ó sì máa rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi nìyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sórí ẹní níwájú alfa ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí, ó kàn jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde? Wọ́n ní hámúsà ń wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun pátápátá, áyínì láti àárín rẹ̀, gáyínì láti òkè níbi tí ọ̀fun ti pàdé ẹnu, ráù sì ń wá láti ṣóńṣó ahọ́n. Ẹ mú hámúsà, gáyínì àti ráù, ẹ ti ní ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà gbọn dùùrù ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ráù, nítorí òun ni ó pariwo jù. "R" ti Yorùbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ahọ́n ń kan òkè ẹnu tí ó fi ń kúrò. Ti dùùrù ń fẹ́ kí ahọ́n máa kàn án léraléra, "rrrr," bí ọmọdé tí ń fi agolo sàdíìnì wa ọkọ̀ lórí yanrìn. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn jáde pẹ̀lú ṣóńṣó ahọ́n ní ẹ̀yìn eyín òkè, kí ó rọ̀, kí ó má le, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá fi agbára mú ahọ́n kò ní rí i ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà pé alfa wa máa ń gba pàṣán bí a bá yí ráù jù nínú kíké Kùránì, nítorí ó lòdì sí ìlànà kíké. Ohun tí wọ́n ń lé jáde ní ilé kéwú, òun ni olórí ẹgbẹ́ wéré ń wá kiri. Ẹ fi sọ́kàn pé fífẹ́ nìkan ni ti ráù wà fún. Bí a bá ń fa èémí sínú, ó ṣòro púpọ̀ kí ahọ́n tó gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ti gáyínì dà bí ẹni tí ó gbé omi sí ọ̀fun, tí ó gbé orí sókè, tí ó sì ń mú omi náà ró gààràgà. Ẹran kékeré tí ó rọ̀ sẹ́yìn ẹnu ni ó ń mì. Ohùn rẹ̀ a máa hó, a máa kùn bí ìbínú ajá. Èyí ṣeé ṣe ní fífẹ́, ó sì ṣeé ṣe ní fífà pẹ̀lú, nítorí gbogbo bàbá tí ń hanrun lóru ti ń ṣe irú rẹ̀ láì kọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń ha ọ̀fun jù. Bí ọmọ yín bá ń ṣe bí ẹni tí eegun há sí lọ́rùn, ibẹ̀ ni ó wà. N kò fẹ́ kí ọmọdé máa pẹ́ níbẹ̀. Kí ó ṣe é ní ìgbà mélòó kan, kí ó mu omi, kí ó fi sílẹ̀.

Hámúsà ni ọ̀gá. Ẹ sọ "á-á-á" láì so wọ́n pọ̀, ẹ ó gbọ́ bí nǹkan kan ṣe ń ti ìlẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun kí ó tó tún un ṣí. Ẹ wá sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́, kí ohùn má jáde, èémí nìkan. Lẹ́yìn èyí kí ẹ fa èémí sínú dípò kí ẹ fẹ́ ẹ jáde, kí ẹ sì máa ti ìlẹ̀kùn kékeré yẹn díẹ̀díẹ̀, láì tì í pa. Ọ̀fun gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí a fẹ́ yán. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ní pẹ̀lẹ́: kí ọ̀fun gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹsẹ̀ kan, nígbà tí ó bá mọ́ra kí ó di mẹ́ta, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Ẹni tí ó bá kánjú lọ sí mẹ́rin lọ́jọ́ kìíní, ìkọ́ ni yóò wú. Nígbà tí ó bá ṣe geere láìsí dùùrù, ìgbà yẹn ni kí ó tó gbé dùùrù sẹ́nu, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ihò 4, ní fífà. Ibẹ̀ rọrùn fún ọ̀fun ju àwọn ihò ìsàlẹ̀ lọ, tí wọ́n máa ń gba èémí púpọ̀.

Inú ikùn ni èémí náà ti gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe èjìká. Ọmọ tí ó bá lè fa ohùn dé ìwọ̀n 6 níbi tí Kùránì ti ní kí a fà á, láì já, ti ní èémí tí ó tó fi fọn dùùrù.

Ahọ́n tún ní iṣẹ́ mìíràn tí kò kan "rrrr" rárá. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa yóò fi ẹnu bo ihò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò fi ahọ́n dí mẹ́ta ìsàlẹ̀, kí ìkẹrin nìkan máa dún. Lẹ́yìn èyí wọn yóò máa gbé ahọ́n kúrò, wọn yóò máa dá a padà, kíá-kíá-kíá. Bí a bá ń fẹ́ ihò 1 sí 4, dò, mì, sò àti dò òkè ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì bára mu. Nítorí náà nígbà tí ahọ́n bá ṣí, ẹgbẹ́ agberin yóò dáhùn, nígbà tí ó bá padé, lílé nìkan ni yóò kù. Ọmọ kan ṣoṣo a dà bí ẹni mẹ́rin. Èyí kì í ha ọ̀fun, kì í ṣe ohunkóhun fún ohùn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún ọmọdé.

Ó ku ọ̀kan, òun sì ni mo rò pé ó jẹ́ kí ohun èlò òyìnbó yìí bá wa lára mu. Èdè wa kò ṣeé sọ láìsí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Dùndún lè sọ̀rọ̀ nítorí pé ọwọ́ ń fún awọ rẹ̀, ohùn sì ń yọ̀ láti òkè bọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ohùn dùùrù ẹnu dúró lójú kan bí àtẹ̀gùn ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fa ihò 2, 3 tàbí 4, tí ẹ wá fa ẹ̀yìn ahọ́n sẹ́yìn, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ń kúrò lórí "í" lọ sórí "ú," ohùn náà yóò tẹ̀, yóò yọ̀ wálẹ̀. Ti ihò 3 ni ó ń yọ̀ jìnnà jù. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò fi dùùrù pe Àdùkẹ́, ìsàlẹ̀ méjì àti òkè kan, ìyá rẹ̀ yóò sì dáhùn láti ilé ìdáná. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ti wá irú nǹkan báyìí jáde nínú rẹ̀ tipẹ́. Sonny Terry, tí ó gbé ayé láti 1911 sí 1986, tí ojú rẹ̀ sì fọ́, a máa fi ọwọ́, ọ̀fun àti igbe ara rẹ̀ mú dùùrù sunkún, a sì máa mú un sáré bí ọkọ̀ ojú irin. Èyí tí ó wù mí jù lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé irú ohun kékeré olówó pọ́ọ́kú kan náà tí ó wà nínú àpótí aṣọ ìyá wa yìí ni ó fi ṣe é.

Ó yá, ìyá wa, ohùn ọmọ yín ńkọ́? Ẹ ti ti dùùrù mọ́ inú àpótí láti ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ní ohùn náà kò tíì padà. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé dùùrù nìkan ni, ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 ì bá ti tún un ṣe, nítorí pé dùùrù ẹnu kì í lo ohùn èèyàn, èémí ni ó ń lò. Ọ̀fun tí a fi agbára há lè dunni lálẹ́, ṣùgbọ́n bó bá sinmi, ara rẹ̀ a máa balẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lásán. Ṣé ohùn rẹ̀ máa ń fò sókè lójijì, tí yóò sì tún já wálẹ̀ bí ohùn bàbá rẹ̀? Ṣé aṣọ rẹ̀ ti ń kúrú? Ọmọ ọdún 13 ni ẹ pè é. Ọkùnrin ni ó ń dà. Ọ̀fun rẹ̀ ń gbòòrò, ohùn ọmọdé ń lọ, ti àgbà kò sì tíì dé tán. Èyí kì í ṣe àìsàn, ẹnìkan kò sì lè fi olórí odó lé e padà.

Ní ti wòlímọ̀, kí alfa rẹ̀ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó má fi ohùn tí ó ń lò lọ́dún tó kọjá gbé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó dójú ti ara rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òkè jù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó dín igbe kù. Orin àkọgbé láti aago 2 títí di ìdájí ń ba ohùn jẹ́ ju dùùrù ẹnu lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí àjọ̀dún wòlímọ̀ rẹ̀ bá súnmọ́, kí ó máa fọn dùùrù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù máa kọrin. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá há kọjá ọ̀sẹ̀ 3, tàbí bí ó bá ń dùn ún láti gbé oúnjẹ mì, tàbí bí ìkọ́ bá tẹ̀ lé e kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má bi èmi mọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yín kù. Ní àgbàlá wa níhìn-ín, Mùsùlùmí àti Kirisitẹ́nì ni a jọ ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá. Nọ́ọ̀sì tí ó ti iṣẹ́ òru dé wà níbẹ̀, aláìsàn wà níbẹ̀, ìyá ọmọ titun wà níbẹ̀. Nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, hámúsà ṣeé kọ́ láì mú ariwo kankan wá, lórí ibùsùn pàápàá. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa fi ihò 4 dá gbogbo ilé lóró ní ọ̀gànjọ́ nígbà tí oṣù ààwẹ̀ kò tíì lé.

Ẹ má ṣe máa fi dùùrù kan ṣoṣo yí ẹnu èèyàn mẹ́fà ká. Ọ̀fìnkìn àti egbò ẹnu ń bá itọ́ rìn. Ẹ yọ ẹnu kí ẹ tó fọn ọ́n, nítorí èérún àkàrà tí ó bá há sí ahọ́n idẹ yóò pa ohùn rẹ̀ mọ́ ọn nínú. Lẹ́yìn fífọn, ẹ gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ihò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má fi òróró sí i, ẹ má sì sè é. Àwọn kan a máa rì í sínú omi kí ohùn rẹ̀ lè le. Kò dára fún èyí tí igi wà nínú rẹ̀, nítorí igi yóò wú. Lọ́sàn-án ààwẹ̀ sì rèé, ẹni tí ó bá fa èémí nínú dùùrù tútù yóò fa omi mì. Itọ́ ẹnu tìrẹ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n omi tí o fi ọwọ́ ara rẹ bu sí i kì í ṣe itọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ihò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ihò rẹ̀ tò ní ìlà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ni ó pọ̀ lórí àtẹ. Àwọn tí ń ṣe é máa ń mú kí ahọ́n idẹ méjì yà díẹ̀ síra wọn nínú ohùn, tí ó fi jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n kí ọ̀fun tó dé ibẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń kọ́ hámúsà lórí rẹ̀ kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ra onílà kan, oníhò 10, tí wọ́n kọ lẹ́tà C sí lára.